Bàbá Kòpé, Amupilifáyà Rẹ̀ àti Iná Tí Kò Tó

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò máa ń kọ́kọ́ sọ nípa Bàbá Kòpé ni ti ọjọ́ tó gbé amupilifáyà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn orin lágbára, lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná, tó gbé e ka orí tábìlì ọ̀gá ibẹ̀, tó sì ní kí ọ̀gá náà tọrọ àforíjì. Kì í ṣe lọ́wọ́ òun o. Lọ́wọ́ amupilifáyà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Onídìrí nítorí irun ló ń dì jẹun, ló bá a gbé e lọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ. Ẹ̀rọ náà wúwo bí àpò símẹ́ǹtì, Bàbá Kòpé sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn ń dùn ún, síbẹ̀ kò gbà kí àjèjì kankan fọwọ́ kàn án. Ló bá ní kí àbúrò òun di ìdí kan mú, kí òun di ìdí kejì. Bí wọ́n ṣe gbé e gba ojú títì nìyẹn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí àwọn èèyàn ń yà fún wọn lọ́nà, tí ẹnì kan sì ń fi àánú bi wọ́n pé ṣé onílé ti lé wọn jáde ni.

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà dìde. "Bàbá, kí lẹ gbé wá?"

"Ẹlẹ́rìí ni," Bàbá Kòpé dáhùn, ó sì kọjá lára rẹ̀.

Ọ̀gá àwọn oníná ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí ẹlẹ́rìí náà balẹ̀ gbì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀. Bàbá Kòpé yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà sí i.

"Ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn."

Ọ̀gá wọ jígí rẹ̀. "Igba ó lé ogún fólítì."

"Ẹ ṣeun. Mo rò pé ẹ ò lè kàwé ni. Igba péré lẹ ń gbé fún un, ìgbà míì wà tí kò tó bẹ́ẹ̀. Àwo tó wà níwájú yín yìí, bí ẹni tó bù ú bá bù ú láàbọ̀, ṣé ẹ máa rẹ́rìn-ín sí i?"

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Iná wa pé."

"Ó pé? Ó pé kẹ̀?" Bàbá Kòpé ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó fa mítà kékeré tó fi ń wọn agbára iná yọ, ó sì ki ẹnu wáyà méjèèjì bọ ojú iná tó wà lára ògiri ọ̀gá. Ọwọ́ mítà gbọ̀n, ó gòkè, ó sì dúró sí ibi tí Bàbá Kòpé mọ̀ pé ó máa dúró sí. "Kò pé!" ló pariwo. Onídìrí fi ìka di etí rẹ̀.

Àfi bí ojú bàbá náà ṣe yí padà lójijì. Ó wo mítà, ó wo ọ̀gá, ó tún wo mítà. Ìbínú tó gbé wá láti ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àánú sì gba ipò rẹ̀. "Háà," ló ní, ó sì fa ọ̀gá náà mọ́ra ní èjìká. "Ọmọ mi, wọ́n ń yan ẹ̀yin náà jẹ níhìn-ín! Ta ni ọ̀gá yín?"

Kó tó di pé wọ́n kúrò níbẹ̀, Bàbá Kòpé ti kọ ìwé ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí àwọn àgbààgbà iléeṣẹ́ náà, ọ̀gá tó wá fẹ̀sùn kàn sì ti buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n jọ rẹ́ jẹ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà jáde, ọ̀gá tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú." Onídìrí ní òun ò lè búra ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá Kòpé ní òun lè búra, pé amupilifáyà ni.

Iṣẹ́ tó ṣe kó tó fẹ̀yìn tì ló sọ ọ́ di irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa yẹ òṣùwọ̀n wò kiri ọjà àti ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá kọ kílò kan sára irin ìwọ̀n, tirẹ̀ ni kó rí i pé kílò kan ni lóòótọ́. Èyí tí kò bá pé, á gbà á, á kó àwọn èèyàn jọ, á sì fi òòlù fọ́ ọ lójú gbogbo ayé. Odindi ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń wọnú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, tí á dúró, tí á wo ìwọ̀n, tí á ní, "Kò pé." Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Kòpé. Nígbà tí ìjọba fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì, ó ka iye ọdún tí wọ́n kọ pé ó fi sìn wọ́n. Kò pé. Ó dá ìwé náà padà.

Ilé sinimá kan tó kógbá sílé ló ti rí amupilifáyà náà. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, onírin, tí iwájú rẹ̀ ń dán, tó ní bọ́tìnnì ńláńlá tó ń dún kẹ̀ báyìí bí èèyàn bá yí i. Àwọn tó ń tà á ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní òun ò bi wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pé òun bi wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà láti àárọ̀, ó tú ìdérí rẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò wáyà kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, títí àwọn oníǹkan fi dín iye rẹ̀ kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n, kó ṣáà lè máa lọ.

Nínú ikùn ẹ̀rọ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́má tó ń dín agbára iná ilé kù, súkúrù kékeré kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ ò ju orí ìṣó bàtà lọ. Bí èèyàn bá yí i sọ́tùn-ún, agbára iná tó ń lọ sínú ẹ̀rọ á lọ sókè. Bó bá yí i sósì, á wálẹ̀. Àwọn tó ṣe é sì lẹ ìwé pélébé mọ́ inú ìdérí pé ọgọ́ta fólítì ni kó máa gbà, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ní ìwọ̀n kankan láti yẹ̀ wò mọ́, ẹ wá gbé ohun tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn, tí wọ́n tún kọ nọ́ńbà sí nínú, fún un nínú yàrá tirẹ̀! Lárààárọ̀ ni Bàbá Kòpé ń tú ìdérí yẹn. Á fi mítà rẹ̀ kàn án, á ní kò pé, á fi sukurudiráfà yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, á sì bú àwọn oníná bó ṣe ń yí i.

Ìyà rẹ̀, orí Onídìrí ló ń já lé. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà, yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó so giramafóònù mọ́ láti fi gbọ́ àwo orin ń gbé, wáyà kan náà ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Bí Onídìrí bá ti tan diráyà tó fi ń mú irun gbẹ, iná á wálẹ̀, ohùn olórin inú ẹ̀rọ á sì rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Ta ló tan nǹkan yẹn?" Ohùn Bàbá Kòpé á gba inú ògiri jáde.

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"O ti fún olórin lọ́rùn!"

"Orí oníbàárà mi tutù, Bọ̀ọ̀dá! Òtútù á mú un!"

"Kó lọ jókòó sínú oòrùn! Ọ̀fẹ́ ni!"

Onídìrí á ju kóòmù sílẹ̀, á kọjú sí ògiri, á fọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí. Ó ní iṣẹ́ òun lòun fi ń jẹun o, pé olórin tó ń wí yẹn ti gba owó tirẹ̀ láti ìgbà tí òun ò tíì hu eyín. Oníbàárà tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á máa wo ògiri, á máa wo Onídìrí, omi á sì máa ro tótó sí i lọ́rùn.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àdéhùn. Bí Onídìrí bá fẹ́ tan diráyà, á kọ́kọ́ pariwo pé, "Mo fẹ́ tan án o!" Bàbá Kòpé á ní, "Dúró!" Á gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo orin, á pa ẹ̀rọ, á wá fi ohùn ẹni tí wọ́n fìyà jẹ sọ pé, "Ó dáa. Tan án." Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń bá wọn pariwo rẹ̀. Ìyàwó télọ̀ kan tó máa ń dirun níbẹ̀ kó lọ sí ìlú míì, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan tó jẹ́ àjèjì, wọ́n gbé diráyà lé e lórí, ló bá figbe ta pé, "A fẹ́ tan án o!" Wọ́n ní kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan bọ́tìnnì títí awakọ̀ kan tó ń kọjá lójú títì fi sọ pé kí wọ́n tan án.

Kì í ṣe pé àwọn ẹbí ò wá ọ̀nà àti gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà. Ọkọ ọmọ Onídìrí ra sípíkà ìgbàlódé kan wá fún un, èyí tí kò ní wáyà, tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́. Bàbá Kòpé dúpẹ́, ó wọ jígí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara páálí rẹ̀. Onídìrí rí i tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gòkè. Ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

"Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì," Bàbá Kòpé wí. Ó gbé sípíkà náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó mì ín létí. "Níbo ni wọ́n kó o sí?"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn," ọkọ ọmọ ní.

"Bí wọ́n ṣe ń purọ́ nìyẹn!"

Lọ́jọ́ kejì, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á. Ọlọ́jà ṣàlàyé fún un pé nọ́ńbà yẹn kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni, pé kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bàbá Kòpé bi í pé bí òun bá fi nọ́ńbà ṣe ẹ̀ṣọ́ sórí owó tí òun fẹ́ san fún un ńkọ́? Kò wọlé, kò kúrò. Ó dúró síbẹ̀ tó ń kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ káàbọ̀, ẹ má gba páálí gbọ́." Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, tí ẹnikẹ́ni ò ra nǹkan, ọlọ́jà gbé bírò, ó fa ìlà gàràgàrà lé gbogbo ẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì tó wà lórí àtẹ, ó sì fi ìbínú kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó ń dún." Bàbá Kòpé kà á, ó mi orí. Ó ní òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó gbé tirẹ̀ padà sílé tayọ̀tayọ̀, kò sì tan án rí títí ó fi kú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ohun tí Bàbá Kòpé bẹ̀rù jù ṣẹlẹ̀. Onídìrí ń fi diráyà mú irun obìnrin olùkọ́ kan gbẹ nígbà tí òórùn jíjó gba inú ṣọ́ọ̀bù. "Irun mi!" olùkọ́ pariwo, ó fò dìde. Onídìrí ò bèèrè ohunkóhun, ó gbé kẹ́tẹ́lì omi tútù, ó sì dà á lé e lórí látòkèdélẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn, omi ń ṣàn lára olùkọ́ dé bàtà, kí wọ́n tó rí i pé abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ni èéfín ń gbà jáde.

Bàbá Kòpé wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú amupilifáyà. Ó ti fa wáyà rẹ̀ yọ, ó ń fi páálí àwo orin fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ aláìsàn. "Wọ́n ti pa á," ló ń wí. "Àwọn oníná ti pa á. Mo kìlọ̀ fún wọn. Mo kìlọ̀!"

Wọ́n ránṣẹ́ sí onírédíò tó ń tún nǹkan ṣe ní ìkóríta. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì mọ Bàbá Kòpé dáadáa, nítorí náà ìta ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà, ẹ pẹ̀lẹ́." Ó tú ìdérí, ó yọ ohun tó jó dúdú, ó fi fíúsì tuntun sí i, ó tan iná, ó sì fi mítà tirẹ̀ kàn án. Ó wò ó títí.

"Bàbá, ta ló ń yí súkúrù yìí?"

"Èmi ni. Ọgọ́ta ni mo fi í sí. Àárọ̀ yìí gan-an."

"Ó ti lé ní àádọ́rin, sà. Ó pẹ́ tó ti lé. Ohun tó jẹ́ kó jó nìyẹn."

"Mítà rẹ ò dáa."

"Oṣù tó kọjá ni mo rà á, Bàbá."

"Ìyẹn gan-an. Kò tíì mọ iṣẹ́!"

Onírédíò ò jà. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú mítà míì wá, èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ilẹ̀, ó fi wọ́n kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì sọ ohun kan náà. Ti Bàbá Kòpé nìkan ló ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò lè gòkè dé ibi tó yẹ mọ́.

"Ṣé ìyẹn ni pé iná àwọn oníná pé?" Bàbá Kòpé bèèrè.

"Ó pé, sà. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń pé."

Gbogbo orí tútù, gbogbo ẹrù tó bá a gbé gba ojú títì, gbogbo "dúró" àti "tan án", gbogbo rẹ̀ ló wá sí Onídìrí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ya ẹnu láti tú u jáde. Ó wá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi ìka nu ojú mítà náà, bíi pé ó máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó pa ẹnu dé.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé náà dákẹ́. Ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ onírédíò tó gbé e lọ tún ohun tó jó ṣe, Bàbá Kòpé wà lórí àga, kò bú ẹnikẹ́ni. Onídìrí tó ti ń gbàdúrà fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ látọjọ́ tí ayé ti dáyé rí i pé òun ò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó tan diráyà láìpariwo, ó ń retí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fọwọ́ gbá ògiri. "Bọ̀ọ̀dá! Mo ti tan án o! Mi ò tiẹ̀ sọ fún yín!"

"Kò burú," ohùn kan dáhùn lẹ́yìn ògiri, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀rù ba Onídìrí. Ó fi oníbàárà sílẹ̀, ó já wọlé lọ bá a. "Kí ló ń jẹ́ kò burú? Ẹ̀yin! Kò burú! Ẹ dìde ńlẹ̀ o, Bọ̀ọ̀dá. Mítà ló purọ́, ẹ̀yin kọ́. Nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹ bá bá òṣùwọ̀n èké lọ́wọ́ èèyàn, kí lẹ máa ń ṣe?"

Bàbá Kòpé gbé ojú sókè. "À ń fọ́ ọ ní gbangba ni."

"Ẹ ò mọ ibi tí òòlù wà ni?"

Ó ronú sí i. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó mú òòlù, ó sì jáde síwájú ilé. Onídìrí pe àwọn aládùúgbò. Bàbá Kòpé gbé mítà náà sórí òkúta, ó gbé ohùn sókè bó ṣe máa ń gbé e sókè láyé ọjọ́sí. "Mítà yìí purọ́! Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe bá oníná jà, mo bá àbúrò mi jà, mo sì fi ọwọ́ ara mi dáná sun ohun tí mo fẹ́ràn. Ẹ wò ó dáadáa." Ó là á ní òòlù. Mítà ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò fọ́. Ó tún là á. Kò fọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òòlù yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbínú padà sójú bàbá náà, ó pupa bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ẹ wo bó ṣe lágbára!" ló pariwo. "Agbára tó yẹ kó fi sọ òótọ́!"

Onídìrí fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ìró nu ojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti padà dé.

Lọ́jọ́ yẹn náà ló mú ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn oníná pọ̀n láti lọ tọrọ àforíjì. Kò mọ̀ ọ́n tọrọ. Ọ̀gá rí i tó ń bọ̀, ó dìde dúró.

"Mo wá bẹ̀ yín," Bàbá Kòpé jágbe. "Iná yín pé! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"A sọ fún yín, Bàbá."

"Ẹ ò sọ ọ́ tagbáratagbára! Ẹ̀yin tí iná yín pé, ẹ jókòó, arúgbó kan fi mítà tó ti bàjẹ́ halẹ̀ mọ́ yín, ẹ sì buwọ́ lùwé pé kò pé? Ó yẹ kẹ́ ẹ lé mi jáde! Ẹ jẹ́ kó dùn yín!"

Ọ̀gá ní ó dun òun. Ó ní kó má bínú. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé ọkùnrin náà ló tún bẹ̀bẹ̀ nígbẹ̀yìn, Bàbá Kòpé sì dárí jì í.

Onírédíò tún ẹ̀rọ náà ṣe, ó gbé e padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ku kí wọ́n fi súkúrù kékeré yẹn sí ibi tó yẹ. Bàbá Kòpé gba sukurudiráfà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbà. Ó wo onírédíò, ó wo súkúrù, ó wá na sukurudiráfà sí Onídìrí.

"Ìwọ ni kó o yí i."

"Èmi? Bọ̀ọ̀dá, kí ni mo mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri látọjọ́ yìí, kò sí ẹni tó ké pé o fa òun nírun rí. Yí i."

Onídìrí kúnlẹ̀, ó ki ẹnu sukurudiráfà bọ orí súkúrù. Onírédíò di mítà tuntun mú.

"Sósì," Bàbá Kòpé ní. "Rọra. Rọra! Ṣé ata lò ń lọ̀ ni?"

"Bí ẹ ò bá dákẹ́, mo máa fi í sílẹ̀ fún yín o!"

"O ti kọjá ẹ̀! Padà. Díẹ̀. Kò pé. Kò pé. Kò..."

Onídìrí gbé ojú sókè láti mọ ohun tó dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo mítà, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

"Ó pé," ló wí.

Onídìrí ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, láti kékeré.

Wọ́n gbé àwo orin kan sí i, èyí tó fẹ́ràn jù, tí àwọn méjèèjì ti gbọ́ débi pé Onídìrí mọ ibi tí olórin ti ń mí. Ohùn náà jáde mọ́ gaara. Kò sí ariwo abẹ́nú tó máa ń bá a rìn mọ́. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ariwo híhì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, nǹkan kan dún. Bàbá Kòpé gbé abẹ́rẹ́ padà. Wọ́n tẹ́tí. Ẹnì kan wúkọ́.

"Ọkùnrin kan wúkọ́ níbẹ̀!" Bàbá Kòpé dìde. Ó fa páálí àwo orin náà jáde, ó kà á níwájú, ó kà á lẹ́yìn. "Wọ́n kọ onífèrè, wọ́n kọ onígìtá. Wọn ò kọ ọ́ pé ẹnì kan wúkọ́! Ìwà wo nìyí?"

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló máa kọ ikọ́ sílẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀! Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀! Gbogbo ọdún tí mo ti ni ín, mi ò mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá." Ìbínú náà ń kúrò lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó tún gbé abẹ́rẹ́ padà. Ọkùnrin náà tún wúkọ́. "Pẹ̀lẹ́," Bàbá Kòpé sọ fún un.

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ tí kò gbé àwo yẹn sí i. Onídìrí á wà níwájú, á máa dirun, á gbọ́ híhì, á gbọ́ ikọ́, á sì gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ògiri: "Pẹ̀lẹ́ o." Orin á wá bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí i tó fi kú. Àìsàn díẹ̀ ni, lórí ibùsùn rẹ̀, láìbá ẹnikẹ́ni jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sọ fún dókítà pé àwọn hóró oògùn inú ìgò náà ò pé. Nígbà tí àwọn ẹbí kóra jọ, ọkọ ọmọ ní ó dájú pé Bàbá ti ń yẹ òṣùwọ̀n wò lọ́run, pé wọ́n á ti máa wá ibi sá sí níbẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Onídìrí rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Arákùnrin kan wá ní ká tiẹ̀ ta ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, kí ilé lè fẹ̀. Onídìrí dìde dúró lójú ẹsẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, ó sì fi ìbínú tí wọn ò mọ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ sọ fún un pé kó bọ́ síta. Ọkùnrin náà bọ́ síta.

Ó ní kí wọ́n bá òun gbé ẹ̀rọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Nígbà tí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀, tó ṣí ilẹ̀kùn, àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jókòó kún ibẹ̀, irun wọn wà ní títú. Ó pa diráyà. Ó gbé àwo orin náà sí i bó ṣe máa ń rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé e, ó fi ìka kan gbá abẹ́rẹ́ díẹ̀ kó lè balẹ̀ jẹ́ẹ́. Híhì dún. Ọkùnrin tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí wúkọ́.

"Pẹ̀lẹ́ o," gbogbo ṣọ́ọ̀bù dáhùn.